Ẹ Bi Ìyá Ọlọ́gbà: Ọjọ́ kan gbáko ni Villa Carlotta ń fẹ́

Ẹ kú ìdúró, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Lóṣù tó kọjá, mo sọ lójú ìwé yìí pé mo jókòó sábẹ́ ọsàn tó ń so ní Villa Carlotta, ilé ńlá àtijọ́ kan tó ní ọgbà ní etí adágún Como, ní àríwá Ítálì, nígbà tí yìnyín ṣì funfun lórí òkè tó wà níwájú mi. Gbólóhùn kan péré ni, mo sì ti gbàgbé pé mo kọ ọ́. Ẹ̀yin ò gbàgbé. Lẹ́tà tí ẹ kọ pọ̀ débi pé mo sún ọ̀rọ̀ kòkòrò ara ẹ̀fọ́ di oṣù tó ń bọ̀. Mẹ́ta ni mo máa dáhùn, torí pé àwọn mẹ́ta yìí ló kó ìbéèrè àwọn tó kù pọ̀.

Ìbéèrè: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, Peckham ní London ni mò ń gbé. Màmá mi tó wà lọ́dọ̀ wa máa pé ẹni àádọ́rin ọdún nínú oṣù karùn-ún. Wọ́n fẹ́ràn òdòdó ju oúnjẹ lọ. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Milan, ọjọ́ mẹ́ta la máa lò. Èrò mi ni pé ká fi ọjọ́ kan ṣoṣo wo Villa Carlotta, Villa Melzi àti Villa del Balbianello, ká sì padà sí Milan lálẹ́. Eékún ń yọ màmá mi lẹ́nu díẹ̀. Ṣé ó máa ṣeé ṣe? Kí ni ká rí i dájú pé a wò, kí la lè fojú fò?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ kí ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Milan, ó fẹ́ ṣe mí lálejò, ó bá sanwó fún ilé iṣẹ́ kan tó ń kó èèyàn rìnrìn àjò afẹ́. Ilé mẹ́ta lọ́jọ́ kan, bí ìwọ náà ṣe ṣètò rẹ̀ gẹ́lẹ́. Oṣù kẹjọ ni. Oòrùn ọ̀sán gangan la wọ Villa Carlotta, ọmọkùnrin tó ń darí wa sì ní ìṣẹ́jú 45 la ní. Ó ń lọ níwájú, ó gbé agboòrùn pupa sókè kí a lè máa rí i, àwa bí ogójì ń wọ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo délé lálẹ́, ọmọ mi bi mí pé, "Mọ́mì, kí lẹ rí?" Agboòrùn pupa yẹn nìkan ló wá sí mi lọ́kàn. Èmi tí mo fi ọdún 31 kọ́ ọmọ ní bàólójì ní Abẹ́òkúta! Àfonífojì kan wà nínú ọgbà yẹn tí ọ̀mu tó ga bí igi kún inú rẹ̀, irú èyí tí mo máa ń yà sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún láì fojú kan ọ̀kan rí. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi gbàyè níbi iṣẹ́, àwa méjì péré la padà lọ ní ìparí oṣù kẹrin. A dé ẹnu géètì kí wọ́n tó ṣí i, ìrọ̀lẹ́ la tó kúrò. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì sí i lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tí mo rí láwọn ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Tó o bá ti rí ṣòkòtò tí wọ́n sá sórí okùn, o ti mọ bí adágún Como ṣe rí. Ìbàdí rẹ̀ wà ní àríwá, ẹsẹ̀ méjèèjì nà sí gúúsù. Ìlú Como wà ní ẹnu ẹsẹ̀ òsì, Lecco wà ní ẹnu ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bellagio jókòó síbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pín, Tremezzo tí Villa Carlotta wà sì dojú kọ ọ́ láti etí omi lápá ìwọ̀ oòrùn. Omi yẹn jìn ju 400 mítà lọ níbi tó jìn jù. Jíjìn rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí ọsàn lè so níbi tí òkè oníyìnyín yí ká: omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ máa ń fi ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pa mọ́, á wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà òtútù, àwọn òkè náà á sì dínà mọ́ atẹ́gùn tútù tó ń bọ̀ láti àríwá.

Láti Milano Centrale, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Varenna. Nǹkan bíi wákàtí kan ni. Ẹ jókòó sọ́wọ́ òsì, torí pé ọwọ́ yẹn ni adágún máa wà tí ẹ bá ti kọjá Lecco. Bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé lẹ rà, ẹ má gbàgbé láti fi gba òǹtẹ̀ lára ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ìdíkọ̀ kí ẹ tó wọlé. Láti Varenna, ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gbé mọ́tò máa ń gba orí adágún kọjá sí Cadenabbia, ẹ lè wá fẹsẹ̀ rìn létí omi dé Villa Carlotta láìtó ogún ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n nítorí eékún màmá rẹ, ẹ wo àtẹ ìrìn ọkọ̀, kí ẹ sì wá èyí tó ń dúró ní èbúté tó ń jẹ́ orúkọ Villa Carlotta gan-an. Bọ́ọ̀sì C10 wà láti Como o, àmọ́ ọ̀nà yẹn tóóró, ó sì ń kọ́ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Mi ò ní gbé ẹni àádọ́rin ọdún gbà á. Àárọ̀ ni kí ẹ kọjá. Omi á tẹ́ bíi dígí nígbà yẹn. Tí ọ̀sán bá ti pọ́n, atẹ́gùn tí wọ́n ń pè ní Breva máa ń fẹ́ wá láti gúúsù, omi á sì máa ru.

Kí n má gbàgbé: bó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni màmá rẹ ń lò, ìwé ìgbélùú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbé wọn dé Ítálì. Físà Schengen ni wọ́n máa gbà. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Ó yá, ẹ ti dé géètì. Ilé funfun náà wà lókè, ọgbà sì ń bọ́ sílẹ̀ láti iwájú rẹ̀ ní ìpele ìpele títí dé etí ọ̀nà, àtẹ̀gùn òkúta tó pín sí méjì ń gbara wọn kọjá gòkè lọ. Ẹ má gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní ohun tí èèyàn lè dúró wò. Lórí ọ̀kan nínú wọn, wọ́n da ẹ̀ka ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù lé orí irin títí tó fi di òrùlé, tí èèyàn lè rìn gba abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí màmá rẹ ti kọ́kọ́ sinmi. Mo dúró lábẹ́ rẹ̀, mo gbójú sókè, mo rí ẹ̀ka kan ṣoṣo tí kò gùn ju apá mi lọ: òdòdó funfun wà lórí rẹ̀, ọmọ lẹ́mọ́ọ̀nù tútù tí kò tó orí ìka wà lórí rẹ̀, èyí tó ti pọ́n wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Mo pe ọmọ mi wá wò ó. Àwa méjèèjì ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ wọ inú ilé lẹ́yìn ìyẹn, kí oòrùn tó mú. Àwọn ère tó wà nísàlẹ̀ ni kí ẹ fi àkókò yín sí. Ère Palamede, akọni inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì, tí Canova, gbajúgbajà agbẹ́re ará Ítálì, gbẹ́ wà níbẹ̀. Ère ìfẹ́ kan wà tí gbogbo èèyàn ń yí ká, ọmọkùnrin abìyẹ́ kan àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń na ọwọ́ sí ara wọn. Tadolini, ọmọ iṣẹ́ Canova, ló gbẹ́ ẹ láti ara àwòṣe ọ̀gá rẹ̀. Ẹ lọ sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Ìyẹ́ yẹn, mábù ni o, wọ́n gbẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá, ó ń tàn bí etí ọmọ tuntun tó kọjú sí fìtílà.

Ṣùgbọ́n azalea, igi kékeré olódòdó, lẹ bá wá, oṣù karùn-ún tó o mú sì bọ́ sí i tí ẹ bá lọ kó tó dé ìdajì. Láti àárín oṣù kẹrin sí àárín oṣù karùn-ún ni wọ́n ń tanná jù. Oríṣi tó lé ní 150 ló wà nínú ọgbà náà. Wọ́n rẹ́ wọn ribiti bí irọ̀rí ńlá, wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, wọ́n ga ju èèyàn lọ láwọn ibì kan, bí wọ́n bá sì ti tanná tán, o ò ní rí ewé. Pupa, funfun, elésè àlùkò, àwọ̀ ẹran inú ìbẹ́pẹ. Mo tẹ̀ síwájú ọ̀kan, mo fi ìka gbé òdòdó kan sókè láì já a (ẹ má já òdòdó níbẹ̀ o), mo ka okùn wẹ́wẹ́ tó ń bẹ nínú rẹ̀: márùn-ún. Orí okùn kọ̀ọ̀kan ní ihò bíńtín méjì tí ìyẹ̀fun ń gbà jáde. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, nínú ìwé ni mo ti ń fi hàn wọ́n.

Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà wà nítòsí lọ́jọ́ yẹn, ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó ń ṣa òdòdó camellia tó já bọ́ sílẹ̀ sínú agbọ̀n, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ọmọ mi bá mi bi í pé ìgbà wo ni wọ́n ń rẹ́ azalea. Ó dìde, ó nu ọwọ́, ó ní bí òdòdó bá ti rẹ̀ dànù báyìí ni, wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ rárá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni igi náà máa ń di ọmọ òdòdó ti ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó rẹ́ ẹ, òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ló ń gé dànù. Ó fi ìka hàn mí bí wọ́n ṣe ń gé e. Ìka náà dúdú láàárín èékánná bíi ti bàbá mi tó ń roko.

Lẹ́yìn azalea, ọ̀nà á máa gòkè lọ sí ibi àwọn ọ̀mu tí mo sọ. Ibẹ̀ ni eékún màmá rẹ ti máa ní ọ̀rọ̀ láti sọ, torí ilẹ̀ rẹ̀ tutù, ó sì dagun. Bí wọ́n bá lè lọ, kí wọ́n rọra di ọwọ́ rẹ mú. Bí wọn ò bá lè lọ, jẹ́ kí wọ́n jókòó sí iwájú azalea, kí ìwọ lọ, kó o sì ya àwòrán wá fún wọn. Omi ń ṣàn nísàlẹ̀ àfonífojì náà, àwọn ọ̀mu tí ìran wọn wá láti Australia dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdí wọn ní irun bí ara ajá, ewé wọn tẹ́ lókè bí agboòrùn. Kí òdòdó kankan tó wà láyé ni irú ewé báyìí ti wà. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́dún yẹn, mo fi ọwọ́ lé ìdí ọ̀kan. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò sì tijú rẹ̀.

Ọgbà ọparun wà lápá òkè náà, ju oríṣi 25 lọ. Ó dára, ó tutù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ọparun nílé lè fojú fo ìyẹn.

Ẹ má padà sí Milan lálẹ́. Ẹ sun Cadenabbia tàbí Menaggio. Tí ẹ bá rí missoltini níbi tí ẹ ti ń jẹun, ẹ bèèrè fún un. Ẹja inú adágún náà ni, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á fún un pọ̀ mọ́ ewé nínú agolo, wọ́n á wá yan án, wọ́n á gbé e ka polenta tó jọ túwó àgbàdo. Bí mo ṣe fi kan ẹnu ni mo ní, "Ṣàwá nìyí!" Ẹbí kan náà sì ni ẹja yẹn àti ṣàwá lóòótọ́. Màmá rẹ á jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kejì, ẹ gba ọkọ̀ sọdá sí Bellagio, ẹ lọ sí Villa Melzi. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọ inú ilé náà gan-an, ọgbà rẹ̀ ni wọ́n ṣí sílẹ̀, ọgbà náà sì tẹ́jú lọ létí omi, ó rọ eékún lọ́rùn. Igi platano tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún, wọ́n rẹ́ wọn kí òjìji wọn lè ṣe bí òrùlé. Ahéré kékeré aláwọ̀ búlúù àti funfun kan wà ní bèbè omi gẹ́lẹ́. Kí màmá rẹ ṣe ọjọ́ ìbí wọn níbẹ̀.

Villa del Balbianello ńkọ́? Ó dára gan-an. Kádínà Durini ló kọ́ ọ ní 1787, ẹni tó ni ín kẹ́yìn sì ni Guido Monzino, tó kó àwọn ará Ítálì àkọ́kọ́ gun òkè Everest ní 1973. Ṣùgbọ́n orí àpáta tó yọrí sínú omi ló wà, òkè lẹ máa gùn láti Lenno tí ẹ ò bá wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré, wọ́n sì sábà máa ń tì í lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ìbéèrè: Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì, Òṣogbo ni mo wà. Ẹ kọ̀wé nípa ilé àwọn ọlọ́lá yìí, ẹ ò sì sọ ta ló ni ín. Ṣé àwọn ọmọ ọba ṣì ń gbé inú rẹ̀? Ta ni Carlotta tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ẹlẹgbẹ́ mi. Kò sí ọmọ ọba níbẹ̀ mọ́. Ìjọba Ítálì ló ni ín, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927, Ente Villa Carlotta, ló ń bójú tó o. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn ni ìtàn.

Olóyè kan ní Milan, Giorgio Clerici, ló kọ́ ilé náà ní nǹkan bí 1690. Lẹ́tà C tó wà lára géètì onírin, tiwọn ni. Wọ́n lówó púpọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n nígbà tó kan àtọmọdọ́mọ wọn kan, Anton Giorgio, ó ná an bí ẹni ń da omi sílẹ̀. Òun ló ní kí Tiepolo, gbajúgbajà ayàwòrán, ya àwòrán sí òkè àjà ààfin rẹ̀ ní Milan. Ẹni tó bá rí àjà yẹn á mọ̀ pé kì í ṣe owó kékeré. Nígbà tó di 1801, ilé etí adágún ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹni yẹn ni Giovanni Battista Sommariva, orí rẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, torí ìtàn rẹ̀ yé ọmọ Yorùbá dáadáa. Agbẹjọ́rò ni, ó dìde lásìkò tí Napoleon gba àríwá Ítálì, ó wà lára àwọn tó di ìjọba mú ní Milan, ó sì lówó rẹpẹtẹ. Ọ̀nà tó gbà lówó kò mọ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tí Napoleon sọ ibẹ̀ di orílẹ̀-èdè olómìnira ní 1802, tó fi ara rẹ̀ ṣe ààrẹ láti Paris, igbákejì ààrẹ ló máa wà nílé ṣe àkóso. Sommariva fẹ́ ipò yẹn. Francesco Melzi d'Eril ni Napoleon fún. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí bí ìdíje oyè ṣe ń rí nílùú wa, ẹ mọ bó ṣe máa dun ẹni tí wọn ò mú. Sommariva fi ìṣèlú sílẹ̀, ó bá kọjú sí kíkó ère àti àwòrán jọ. Ní 1808, Melzi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tirẹ̀, ibo ló kọ́ ọ sí? Bellagio, ní òdìkejì omi. Ilé yẹn ni Villa Melzi tí mo ní kí ọmọ Peckham lọ wò. Tí ẹ bá dúró lókè àtẹ̀gùn Villa Carlotta, ẹ ó máa wò ó. Láràárọ̀ tí Sommariva bá ṣí fèrèsé, ilé ẹni tó gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́ ló wà níwájú rẹ̀, omi nìkan ló wà láàárín wọn.

Nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ Villa Carlotta, ère mábù gbọọrọ kan yí ògiri ká lókè. Thorvaldsen ará Denmark ló gbẹ́ ẹ: Alexander Ńlá ń wọ ìlú Bábílónì lẹ́yìn ìṣẹ́gun. Nítorí Napoleon ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn. Nígbà tó ṣubú, kò sẹ́ni tó máa sanwó rẹ̀ mọ́, Sommariva bá gbà á. Ẹ fojú tẹ̀ lé àwọn ẹṣin àti ọmọ ogun láti ògiri kan dé èkejì títí dé ìparí. Ẹ ó rí ọkùnrin méjì tó dúró níbẹ̀: Thorvaldsen fúnra rẹ̀ àti Sommariva. Ẹni tí wọn ò fi ṣe igbákejì ààrẹ ti bá Alexander wọ Bábílónì. Ó kú ní 1826, ọdún méjì lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ náà tó parí. Ọrùn dùn mí níbi tí mo ti ń wò ó, mo sì padà wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ní 1843, Marianne, ọmọ ọba Netherlands, ra ilé náà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ Charlotte ṣègbéyàwó ní 1850 pẹ̀lú Georg, àrẹ̀mọ ìlú Saxe-Meiningen ní Jámánì, ó fi ilé náà ta wọ́n lọ́rẹ. Charlotte yìí ni àwọn ará Ítálì ń pè ní Carlotta. Lẹ́tà C tí àwọn Clerici ti fi sí géètì láti ìgbà pípẹ́ bá a mu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí i padà. Ní 1855, wàhálà ìbímọ gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni ọdún 23 ni. Ìgbà tó fi ni ilé náà kò pé ọdún márùn-ún, orúkọ rẹ̀ ló sì dúró.

Ọkọ rẹ̀ ló wá di Duke Georg Kejì, olórí Saxe-Meiningen. Ó fẹ́ ìyàwó mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ọgbà náà sílẹ̀. Ó nífẹ̀ẹ́ ewéko gidigidi, òun ló fi púpọ̀ kún igi àti òdòdó tí a ń lọ wò lónìí. Mo máa ń rò ó nígbà tí mo bá dé àárín azalea yẹn. Mo pàdánù ọkọ mi nígbà tí àbíkẹ́yìn wa wà ní sẹ́kọ́ńdírì, igi ọsàn mẹ́rin ni mo sì gbìn sẹ́yìn ilé lọ́dún náà, mi ò mọ ohun tó sún mi ṣe é. Georg kú ní 1914. Ogun Àgbáyé Kìíní dé, Jámánì di ọ̀tá Ítálì, ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé ilé náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ọ̀tá. Bó ṣe di ti gbogbo èèyàn nìyẹn.

Ti Villa Melzi yàtọ̀. Kì í ṣe ti ìjọba, ilé àdáni ni, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn ilé fi wà ní títì tí ọgbà sì wà ní ṣíṣí.

Ìbéèrè: Ẹ kú àárọ̀ mà. Bódìjà, Ìbàdàn ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń bọ̀ láti Ítálì ti ṣèlérí láti bá mi mú azalea kékeré mẹ́ta wá nínú àpótí rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa gbìn ín?

Ìdáhùn: Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kí wọ́n má mú un wá. Lákọ̀ọ́kọ́, èèyàn kì í dédé gbé igi àti erùpẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè láìní ìwé àṣẹ. Àìsàn igi àti kòkòrò máa ń bá a wọlé, bí wọ́n bá sì rí i ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n á gbà á. Lẹ́ẹ̀kejì, azalea tìrẹ ò ní tanná. Ó ń fẹ́ oṣù mélòó kan tí òtútù mú kí ọmọ òdòdó rẹ̀ tó lè là, ilẹ̀ tó kan díẹ̀ tó sì rọ̀ ló ń bá a lára. Ooru Ìbàdàn á jẹ́ kó máa yọ ewé fún ìgbà díẹ̀, yóò sì gbẹ.

Ohun tó o fẹ́ràn nínú azalea ni bó ṣe pọ̀ lójú kan, tó rí ribiti, tó sì tanná bo ewé. Ixora, igi òdòdó kékeré tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká, lè ṣe ìyẹn fún ọ ní Bódìjà. Gbin mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá súnmọ́ ara wọn, àwọ̀ kan ṣoṣo, má da pupa pọ̀ mọ́ òféfèé. Jẹ́ kí wọ́n wọra. Gbàrà tí ìdì òdòdó kan bá ti gbẹ ni kó o gé e, bí ọkùnrin yẹn ṣe fi hàn mí, kó o sì máa gé e ribiti láti ìgbà tó bá ti ga dé orúnkún rẹ. Má dúró dìgbà tó bá di igbó.

Tó o bá fẹ́ ohun tó máa dúró lẹ́yìn ixora bí ògiri, pèrègún ni. O lè rò pé pèrègún kò níyì. Nínú ilé ńlá tí ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Milan, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé gan-an ni wọ́n gbé e sí, nínú ìkòkò dúdú, wọ́n ń nu ewé rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù. Ìwọ ò nílò kó o rà á. Gé ọ̀pá rẹ̀ tó gùn tó apá rẹ lọ́wọ́ aládùúgbò nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, fi sí ìbòòji fún ọjọ́ méjì kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, kó o wá rì í bọlẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, kí ibi tó wà nísàlẹ̀ lára igi má di òkè. Fi ẹsẹ̀ bàtà kan sáàárín ọ̀kan àti èkejì.